Aago Tó Ń Jẹ Máìlì

Lọ́jọ́ tí a sin Verlin Sather, ọkọ mi, pásítọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo dìde. Mo wo àwọn awakọ̀ gẹdú tó kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn gbé fìlà lé orúnkún. Mo jókòó padà. Ìwé mi kò pọ̀, ọmọdé ni mí tí mo ti fi iléèwé sílẹ̀ lọ máa se oúnjẹ fún àwọn agégẹdú. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò lè sọ lọ́jọ́ náà kò fi mí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Verlin kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹnu sọ pé òun fẹ́ràn èèyàn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí mi nílé bàbá mi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó ti fọ ọwọ́ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, síbẹ̀ òróró dúdú wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bàbá mi bi í bóyá ọkọ̀ tó gbé wá lè fa ẹrù gun òkè wa. Verlin ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi jáàkì gbé ìdí rẹ̀ sókè, ó fi ẹfun fa àmì sára táyà, ó wá pè mí.

"Lempi, wá bá mi ṣọ́ táyà yìí. Èmi á máa fọwọ́ yí ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀, mo máa máa kà á. Tí àmì yẹn bá ti yípo, tó padà síbi tó wà, kí o pariwo."

"Kí ni kí n máa pariwo?"

"Ohun tó bá wù ẹ́. Orúkọ mi dára."

Mo pariwo orúkọ rẹ̀ débi pé ajá ilé gbó. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Ó ti rí ohun tó fẹ́ rí.

Ọjọ́ yẹn ló la ọ̀rọ̀ gíà yé mi. Nínú ìdí ọkọ̀, láàrin táyà ọ̀tún àti tòsì, eyín irin méjì ló ń jẹ ara wọn níbẹ̀, ńlá kan, kékeré kan. Bí ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ bá ní láti yí tó ìgbà márùn-ún kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, gíà òkè nìyẹn. Á fa igi tó wúwo gòkè, bó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnì á máa dì í mú bí ẹni di ìrù màlúù mú. Ṣùgbọ́n lójú títì, ìgbín ni. Bí ọ̀pá bá yí bíi mẹ́rin péré, gíà títì nìyẹn. Eré ni tiẹ̀, kì í jẹ epo púpọ̀, àmọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Táyà náà ń dá sí i. Táyà gíga ń fi eré kún eré, ó sì ń gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀. Táyà kúkúrú, òdìkejì rẹ̀ ni.

"Kò sí èyí tó dára jù," Verlin ní. "Ilẹ̀ tó o máa rìn ni kí o kọ́kọ́ bi."

Ilẹ̀ tiwa, òkè ni. Ọ̀nà gẹdú wa gba etí odò Tamarack láti títì lọ dé ibi ìkógẹdú lókè, máìlì mẹ́tàdínlógún. Ọkọ̀ méjì kò lè gba ara wọn kọjá lórí rẹ̀ àfi níbi ìyàgò, níbi tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń gòkè lófìfo ló ń yàgò fún ẹni tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, torí ẹlẹ́rù kò lè dúró. Bí o bá kan pátákó máìlì kọ̀ọ̀kan, o gbọ́dọ̀ ké nọ́mbà rẹ̀ sórí rédíò. "Ẹlẹ́rù, méjìlá." "Òfìfo, mẹ́rin." Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí àwàdà.

Àwa ìyàwó ní rédíò tiwa nílé ìdáná. A kì í fọhùn lórí rẹ̀, gbígbọ́ là ń gbọ́. Bí mo bá gbọ́ "Ẹlẹ́rù, mẹ́rin" lẹ́nu Verlin lẹ́rù ìkẹyìn ọjọ́, mo máa gbé pòtétò kaná. Etí ni mo fi mọ ọ̀nà yẹn. Mo mọ̀ pé láti mọ́kànlá, ohùn máa ń mọ́ gaara. Mo sì mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ti dé ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀, lókè mẹ́sàn-án díẹ̀, ohùn awakọ̀ á di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ kò lè mọ̀, torí ta ló ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lórí rédíò? Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà Ọ̀fun. Láti ibi ìyàgò mẹ́sàn-án sí ibi ìyàgò mẹ́jọ, àpáta ló wà lápá kan, ọ̀gbun odò ló wà lápá kejì. Ewúrẹ́ kò rí àyè yà níbẹ̀.

Ọdún gbọọrọ ni Verlin fi gíà òkè rin ọ̀nà yẹn láìsí wàhálà. Àfìgbà tí ibi ìlagi tó wà nítòsí kógbá wọlé. Wọ́n ní ká máa gbé gẹdú lọ sí ìlú kejì, ojú títì gígùn tó tẹ́ bí àwo. Àwọn awakọ̀ yòókù ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ọkọ mi ń rápálá lẹ́yìn wọn.

Lọ́jọ́ Sunday kan, Reino àbúrò mi wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Òun náà ń wa gẹdú, Verlin ló kọ́ ọ. Kò tíì mú ṣíbí tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí yín lójú títì lánàá. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ páàkì ni. Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn yín tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn, ó ń lu aago kí ẹ yà fún òun."

"Jẹ ẹran ẹ."

"Mò ń jẹ ẹ́. Ẹran àgbọ̀nrín yìí gan-an, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ lé e, ó ṣì wà láyé."

Mo rẹ́rìn-ín. Verlin kò rín. Ó nu ẹnu, ó ní, "Mo ti rí gíà títì kan. Ọkọ̀ kan tó ṣubú sí àfonífojì, ìdí rẹ̀ kò bàjẹ́. Mo máa gbé e wọ tèmi. Mo sì máa wọ táyà gíga lé e."

Reino gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Méjèèjì?"

"Méjèèjì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ọ̀kan. Gíà títì nìkan, ó tó. Táyà gíga nìkan, a lè gbà á. Ẹ fẹ́ kó méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ nínú Ọ̀fun? Kí ló máa dì yín mú?"

"Bíréèkì. Àbí kò sí bíréèkì lọ́kọ̀ tìẹ?"

"Ó wà, títí yìnyín á fi dé. Ṣéènì tẹ́ ẹ máa ń dè mọ́ táyà ńkọ́? Ti táyà kúkúrú ni. Kò ní ká táyà gíga."

"Mo máa ra òmíràn kí yìnyín tó dé."

"Aago ọkọ̀ ńkọ́? Aago kò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ ìdí. Ọ̀pá ló ń kà, kì í ṣe ilẹ̀."

Verlin wò ó, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. "Reino, ta ló kọ́ ẹ ní gíà?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Jẹ ẹran ẹ."

Ó gbé wọn wọ ọkọ̀ lóòótọ́, méjèèjì. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé tó wọ bàtà tuntun. Ó ń já ẹrù rẹ̀, ó ń padà, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Àmọ́ ohun tí Reino sọ nípa aago ṣẹ. Bí ọkọ̀ bá rin máìlì márùn-ún, mẹ́rin ni aago ń kà. Ó ń jẹ ọ̀kan mọ́ra. Eyín kékeré kan wà tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́nu wáyà aago kí ó lè padà sọ òótọ́. Verlin ti ní kí wọ́n bá òun wá a, kò tíì dé. Ní ti aago eré, ó lẹ nǹkan mọ́ gíláàsì rẹ̀, ó kọ iye tó jẹ́ òótọ́ sí i. Ní ti aago máìlì, kò ṣe nǹkan kan.

"Pátákó ni mò ń kà," ó sọ fún mi. "N kì í ka aago."

Òótọ́ ni. Àfi bí pátákó kò bá sí.

Yìnyín ọdún yẹn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó já lù wá nígbà tí ewé kò tíì jábọ́ tán. Ṣéènì tuntun kò tíì délé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Verlin wo ojú ọ̀run, ó ní yìnyín tó fúyẹ́ ni, kò ní lẹ̀ mọ́lẹ̀, òun á gbé ẹrù kan péré sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ. Bó ṣe dé òkè ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ bí ẹni ń da ìyẹ̀fun. Katapílà jáde láti gbá ọ̀nà, ó sì ń ti yìnyín náà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ náà sì ni pátákó wà. Ó bo gbogbo wọn.

Bí pátákó bá ti bọ́ sábẹ́ yìnyín, aago máìlì ni gbogbo awakọ̀ wa ń kà. O wo nọ́mbà rẹ̀ níbi ìkógẹdú, iye máìlì tó bá ti rìn lò ń yọ kúrò nínú mẹ́tàdínlógún, èyí tó kù lò ń ké. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí bàbá mi ti wà lọ́nà yẹn nìyẹn. Verlin ti ṣe é títí ó fi di mímí fún un. Ta ló ń ronú kó tó mí?

Mò ń bó pòtétò. Rédíò wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ẹlẹ́rù, mẹ́tàlá." Ohùn Verlin nìyẹn.

"Òfìfo, méje." Reino. Mo mọ̀ pé ó ń gòkè lọ gbẹ́rù tirẹ̀.

Yìnyín ń lu fèrèsé.

"Ẹlẹ́rù, méjìlá."

"Òfìfo, mẹ́jọ. Mò ń wọ Ọ̀fun, mo máa yà ní mẹ́sàn-án."

Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bí ẹlẹ́rù bá wà ní méjìlá, Reino ní àyè láti la Ọ̀fun já kó sì yà lókè. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mú pòtétò mìíràn.

"Ẹlẹ́rù, mọ́kànlá."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Nọ́mbà yẹn mọ́kànlá ni, ṣùgbọ́n ohùn yẹn kì í ṣe ohùn mọ́kànlá. Ó há, ó jìn, ó ń yí nínú ara rẹ̀. Inú ìkòkò ló ti ń bọ̀. Ọkọ mi ti wà lẹ́nu Ọ̀fun, àbúrò mi ti wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń sọ̀, ọ̀kan ń gùn, kò sí èyí tó mọ̀.

Mo fa ẹnu rédíò, èyí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, tu kúrò lára ògiri. N kò fọwọ́ kàn án rí láyé mi àfi bí mo bá ń nù ún.

"Reino, dúró! Padà sẹ́yìn! Verlin ti dé Ọ̀fun!"

Ohùn awakọ̀ kan tí n kò mọ̀ ló kọ́kọ́ fèsì. "Ta nìyẹn? Ìyá, ẹ kúrò lórí rédíò, iṣẹ́ là ń ṣe!"

Verlin tẹ̀ lé e. "Lempi, gbé e sílẹ̀. Mọ́kànlá ni mo wà."

"Irọ́ ni! Ohùn ẹ wà nínú àpáta! Aago ẹ ń jẹ máìlì, Verlin! Aago lò ń kà!"

Mo rí i lójú inú mi bó ṣe ń wo aago yẹn, tó ń bá a ṣírò, tí ìṣírò náà ń wọ ọ́ lára bí omi tútù. Nígbà tó máa fọhùn, kò pariwo. Ohùn tó fi máa ń sọ fún ẹṣin kó fara balẹ̀ ló fi sọ ọ́.

"Reino. Padà. N kò ní ṣéènì, kò ṣeé dì mú."

"Mo ti ń padà," Reino ní. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó ń ké.

Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́. Àwọn yòókù ti mọ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó mí lórí rédíò. Mo dúró síbẹ̀, mo di ohun tí mo fi sọ̀rọ̀ mú mọ́ àyà. Mò ń bi ara mi ta ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ fọhùn nínú àwọn méjèèjì, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó má gbọ́ ìdáhùn mi. Omi tó wà lórí iná hó, ó hó, ó ru sílẹ̀, ó pa iná.

"Òfìfo, mẹ́jọ." Reino ni. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo ti yà. Mo ti yà. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà ṣófo, ẹ máa bọ̀."

Kò sí èsì.

"Ẹ̀gbọ́n?"

Kò sí.

Reino pariwo nǹkan kan tí mi ò gbọ́ dáadáa, bí ìgbà tí ẹnìkan gbá a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ já lórí rédíò.

Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fara ti àpótí igi ìdáná, kí ohùn kan tó mọ́ gaara tó wọlé wá.

"Ẹlẹ́rù, méje." Verlin ni. "Lempi. Méje tòótọ́ ni o."

Ẹnu Reino ni mo ti gbọ́ èyí tó kù. Ó ní iná ọkọ̀ Verlin yọ lójijì láàrin yìnyín, ọkọ̀ náà sì fẹ̀gbẹ́ gbá àpáta mọ́ra, iná ń tan lára irin. Verlin fúnra rẹ̀ ló tì í síbẹ̀, kí àpáta lè bá a ṣe ohun tí gíà rẹ̀ kò lè ṣe. Ọ̀fun bó ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó máa fi dé ibi ìyàgò, eré rẹ̀ ti dín kù, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Reino, ó mú jígí rẹ̀ àti òpó rédíò rẹ̀ lọ. Kò mú nǹkan mìíràn.

Àwọn méjèèjì jọ wọlé. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, pòtétò tó jinná lápá kan tó le lápá kejì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ojú Reino funfun, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò lè dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú àpò yín wò fún mi. Jígí mi kò sí níbi tí mo fi í sí."

Verlin ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà." Ó wá gbójú sókè. "O ní kí n mú ọ̀kan."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo gbọ́. Jẹun."

"Ẹ̀yin náà, ẹ jẹun."

Reino sunkún lórí àwo rẹ̀, ó sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán, àti èyí tó le.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo gbọ́ jáàkì lẹ́yìnkùlé. Ó ti tú gíà títì jáde, ó ti dá gíà òkè padà, táyà àtijọ́ wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Mo rí bàtà rẹ̀ tó yọ lábẹ́ ọkọ̀.

"Lempi, wá bá mi ṣọ́ táyà yìí."

"Ṣé o kò mọ iye rẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo mọ ti aago náà, mo sì gbàgbé."

Ẹfun wà lára táyà. Mo dúró tì í nínú òtútù títí àmì fi yípo, mo sì pariwo orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ kó tó jáde.

Kò pààrọ̀ ìdí ọkọ̀ yẹn mọ́ láyé rẹ̀. Lójú títì, àwọn ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ń fọn fèrè kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí i bí ẹni ń kí ìyá àgbà. Á juwọ́ padà. Kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, á gbé àkàbà, òòlù àti ọ̀dà funfun, á rin ọ̀nà Tamarack láti ìsàlẹ̀ dé òkè, á kan àwọn pátákó mọ́ ara igi gíga, níbi tí yìnyín katapílà kò lè dé. Kò sẹ́ni tó rán an. Ọdún tí àyà rẹ̀ ti ń dùn ún, tí dókítà ní kó má gun nǹkan kan, mo di ẹsẹ̀ àkàbà mú fún un, ó gùn ún.

Ìgbà òjò tó kọjá ló kú, lórí ibùsùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínú tèmi. Ọkọ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ẹnìkan wá láti ìsàlẹ̀ àfonífojì, ó fẹ́ rà á, ó bi mí iye gíà ìdí rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní á! èyí mà lọ́ra o, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Reino wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Irun rẹ̀ ti funfun, ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀.

"Àǹtí, níbo ni ẹ̀gbọ́n máa ń gbé àkàbà sí?"

"Ibi tó máa ń wà. O fẹ́ jábọ́ ni?"

"Ẹ wá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, n kò ní jábọ́."

Mo wọ bàtà òjò, a jọ lọ. A kun gbogbo pátákó lọ́dà. Ní mẹ́sàn-án, ó dúró lórí àkàbà, ó ń wo Ọ̀fun nísàlẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn mí. Ó wá gbá ìṣó náà wọlé, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Lónìí ni yìnyín kọ́kọ́ já. Reino ní òun á gbé ẹrù kan sọ̀ kalẹ̀, òun á sì wá jẹun. Rédíò ń bẹ lórí pẹpẹ. Ó ti ké mẹ́sàn-án, ohùn rẹ̀ nínú ìkòkò bó ṣe yẹ. Mò ń dúró de mẹ́rin, kí n gbé pòtétò kaná.